Bírìjì báàsì ńlá: ṣé ẹsẹ̀ ni ká gé ni àbí orí?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín àwa tá à ń ta báàsì rè é, lórí bírìjì, igi tó gbé okùn báàsì sókè. Bó ṣe kọ ọ́ ni mo fi sílẹ̀, ìdáhùn mi sí i àti sí ohun táwọn míì sọ ló tẹ̀ lé e:

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Wọ́n fún ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adátán ní báàsì ńlá kan, èyí tí èèyàn ń dúró tì ta yẹn, tòkunbọ̀ ni, pílífúùdù ni ara ẹ̀. Gìtá báàsì ni mo ti ń ta bọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Èyí wá yàtọ̀, okùn ẹ̀ ga débi pé ìka mi kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ gba abẹ́ okùn tó nípọn jù kọjá, ọwọ́ mi ti bó, tí mo bá ta orin méjì apá mi á máa gbọ̀n. Káfíńtà tó ṣe bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wá wò ó, ó ní kò le rárá, òun á fi ayùn gé sẹ̀ǹtímítà kan kúrò lẹ́sẹ̀ bírìjì yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹlòmíì ní orí ni ká gé. Ẹlòmíì tún ní ká má gé nǹkan kan, ká lọ ra okùn tuntun. Èwo ni ká ṣe? Sátidé ni káfíńtà ń bọ̀ o."

* * *

Pe káfíńtà yẹn lónìí, ní kó jókòó sílé lọ́jọ́ Sátidé.

Mi ò bá oníṣẹ́ igi jà o, bàbá tó bí bàbá mi gan-an, ayùn ló fi jẹun ní Ìtókò títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bírìjì kì í ṣe ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì, ilẹ̀ tó tẹ́jú ló ń dúró lé. Bírìjì, ikùn báàsì ló dúró lé, ikùn yẹn sì yọ díẹ̀ bí ikùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ láfún yó, wọ́n wá gbẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kó lè gbà á wẹ́kú. Tí ayùn bá ti rẹ́ ẹ gbọọrọ, etí ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa kan igi. Okùn irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó o bá yí wọn dé ohùn wọn tán, ìfà wọn papọ̀ máa ń lé ní kílò 100, apá kan nínú ẹ̀ ló ń tẹ bírìjì mọ́lẹ̀, etí bíńtín yẹn nìkan ló sì máa gbé e. Ó máa ya ihò sára báàsì yín díẹ̀díẹ̀ ni, ohùn ẹ̀ á sì há sọ́fun.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, bírìjì tí à ń wí yìí kì í ṣe afárá Láfẹ́ńwá o. Igi pẹlẹbẹ tó dúró lóòró láàárín báàsì ni, tí okùn gba orí ẹ̀ kọjá, ó lẹ́sẹ̀ méjì, ó sì ní ihò tó rí bí ọkàn láàárín. Wọn kì í fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Okùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun náà ló ń gba jìgìjìgì okùn gbé wọ inú àpótí. Ohun tó bá ṣe é, ohùn ló ṣe.

Ẹni tó ní kó o ra okùn míì, ó sọ òótọ́ díẹ̀. Okùn tí ìfà ẹ̀ rọ̀ máa ń ṣàánú ọwọ́. Ṣùgbọ́n okùn ò ní sọ ara ẹ̀ kalẹ̀, ibi tí bírìjì bá gbé e sí náà ló máa wà, o ti náwó tán o tún wà lójú kan.

Bá mi ṣe nǹkan kan kó tó di ọ̀la. Gba rúlà ọmọ iléèwé, lọ síbi tí fíńgábọ́ọ̀dù, igi gígùn tí à ń tẹ okùn mọ́, parí sí lápá bírìjì, wọn àlàfo tó wà láàárín abẹ́ okùn àti igi. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú mìlímítà, má kọ "ó ga gan-an" wá fún mi.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ dà sílẹ̀ láti àná. Ọ̀nà mẹ́ta lẹ pín sí.

Àwọn tó pọ̀ jù ní orí ni ká gé, kò sí àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ ni, pé tá a bá gé orí a máa ba ojú ihò tí okùn jókòó sí jẹ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín, ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ tán ká wá fi awọ bàtà tẹ́ abẹ́ ẹ̀ kó lè jókòó dáadáa.

Awọ bàtà kọ́kọ́ ná. Ẹ rántí pé ohùn ń gba ẹsẹ̀ yẹn wọlé ni. Awọ tó o bá fi síbẹ̀, bí ẹni fi tìmùtìmù di ilẹ̀kùn ni. Mo ti rí i rí lára báàsì kan ní Ṣágámù, rọ́bà ìsàlẹ̀ sílípáàsì ni wọ́n tiẹ̀ fi síbẹ̀, ó ń dún bíi pé ẹnì kan ń kan àpò ìrẹsì lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde wá bínú sí mi, ó ní òun gé ẹsẹ̀ tòun, ó sì ń dún dòní, pé mò ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Mo bi í léèrè, lẹ́yìn tí o gé e tán, kí lo ṣe? Ó ní òun fi ọjọ́ méjì gbẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ títí ó fi gba ikùn báàsì. Ẹ ò wa rí i? Iṣẹ́ ọjọ́ méjì yẹn ni káfíńtà ìṣẹ́jú márùn-ún ò mọ̀ pé ó wà. Mi ò ní wọn kì í gé ẹsẹ̀ láéláé. Tí bírìjì bá ga débi pé, tó o bá ní kó o mú gbogbo ẹ̀ látorí, orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ihò ọkàn yẹn, ó di dandan kó o gbà díẹ̀ lẹ́sẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ igi tó kù lórí ò ní lágbára, ó máa tẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó bá ti gé ẹsẹ̀ ti ra iṣẹ́ gbígbẹ́ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

* * *

Kó o tó mú fáìlì tàbí ayùn, nǹkan mẹ́ta wà tó o gbọ́dọ̀ wò, ẹ̀gbẹ̀rún èèyàn ló ti gé bírìjì tí bírìjì ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí ìsàlẹ̀ níbi tí okùn so mọ́, ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán sí ikùn báàsì. Ojú iwájú lè tẹ̀ díẹ̀ nítorí pé orí tín-ín-rín ju ìsàlẹ̀ lọ. Nígbàkígbà tó o bá ń yí okùn sókè, okùn ń wọ́ orí bírìjì tẹ̀lé ara ẹ̀ sápá fíńgábọ́ọ̀dù, díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀, ọjọ́ kan ló máa ṣubú gbàgà. Báàsì tòkunbọ̀ tí wọ́n gbé látinú kọ̀ǹtánà, mo lè fi ẹ̀kọ Ìtòkú méjì ta tẹ́tẹ́ pé bírìjì ẹ̀ ti tẹ̀. Rọ okùn díẹ̀ díẹ̀, gbogbo wọn o, má tú ìkankan sílẹ̀, fọwọ́ méjèèjì di orí bírìjì mú, fi àtàǹpàkò tì í padà jẹ́jẹ́. Fi pẹ́ńsùlù kun ojú ihò tí okùn jókòó sí kí okùn lè máa yọ̀ kọjá dípò kó máa wọ́ igi. Ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu ni pé tó bá dúró ṣánṣán tán okùn tún máa ga sí i díẹ̀. Má bẹ̀rù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o tún okùn wọ̀n lẹ́yìn tó bá ti dúró, kó o tó gé ohunkóhun.

Ìkejì, wo ibi tó dúró sí. Ihò méjì tó rí bíi lẹ́tà f lójú báàsì, lára wọn, wọ́n gé àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ inú kálukú wọn. Àmì méjèèjì yẹn, àárín ẹsẹ̀ bírìjì ló yẹ kó bá wọn dọ́gba. Tó bá ti yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, gígùn okùn ti yí padà, ibi tí ìka ẹ ti máa rí ohùn ò ní jẹ́ ibi tó yẹ mọ́.

Ìkẹta ni òkè lọ́hùn-ún, nọ́ọ̀tì, igi dúdú kékeré tí okùn gbà kọjá kó tó kan pẹ́ẹ̀gì tí à ń fi yí i. Fi káàdì ATM kan sábẹ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó há díẹ̀ ló dáa. Tí káàdì méjì papọ̀ bá wọlé fàlàlà, àbúrò, ìdajì ìrora ọwọ́ ẹ lókè yẹn ló wà, bírìjì ń jẹ̀bi ẹ̀bi ẹlẹ́bi.

Mo fẹ́ kó o ṣe nǹkan kan lálẹ́ òní tí NEPA bá mú iná lọ, wọ́n á kúkú mú un lọ. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ, gbé e sẹ́yìn ẹsẹ̀ bírìjì kan, ìwọ bẹ̀rẹ̀ síwájú. Tó o bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ yọ, ẹsẹ̀ yẹn ò jókòó. Kí n tó mọ èyí, mo lo odindi ọdún kan pẹ̀lú báàsì tí okùn G ẹ̀, èyí tó tín-ín-rín jù, ń dún bíi páànù, mo pààrọ̀ okùn, mo pààrọ̀ áńpù, mo bínú sí ẹni tó ń ṣe sáúńdù. Ọjọ́ tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ apá ọ̀tún bí ìlà funfun, mo ti ewé ìwé kan síbẹ̀, ó wọlé dé ìdajì ẹsẹ̀ láìjanpata.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń pariwo "má tú gbogbo okùn sílẹ̀". Ẹ jẹ́ n sọ ìtìjú ara mi.

Inú báàsì, lẹ́yìn ẹsẹ̀ bírìjì apá okùn G, ọ̀pá igi roboto kan wà tó dúró láàárín ikùn àti ẹ̀yìn. Sáúńdù pósì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Ítálì máa ń pè é ní ẹ̀mí, bí ẹ̀mí èèyàn, wọn ò sì purọ́. Lápá kejì lábẹ́ okùn E, èyí tó nípọn jù, igi gígùn kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ikùn, ìyẹn ní gúlúù. Sáúńdù pósì ò ní gúlúù, fífún tí okùn fún ikùn mọ́lẹ̀ ló há a mú.

Ọdún tí mo ra báàsì mi, alẹ́ Sátidé, mo tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n lè nu ara ẹ̀ dáadáa, ọ̀la là ń ṣe ìkórè. Mo gbé báàsì dùbúlẹ̀, mo gbọ́ kò-kò-kò nínú ẹ̀ bí ọmọ ayò tó bọ́ sínú garawa. Ọ̀pá ti ṣubú. Mo fi wáyà háńgà aṣọ ń wá a láti ihò f títí di agogo méjì òru, mo ha igi ihò náà (ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè wá wò ó), mo gbé e dúró níkẹyìn sí ibi tí kì í ṣe àyè ẹ̀. Gìtá báàsì ni mo fi ṣe ìkórè. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún tó wá láti Èkó bá mi tò ó, irin kan tó tẹ̀ bíi lẹ́tà S ló fi ṣe é, kò tó ogún ìṣẹ́jú.

Nítorí náà tó bá di dandan kó o yọ bírìjì pátápátá, dùbúlẹ̀ ni kó o gbé báàsì, má jì í, má gbé e dúró títí okùn á fi padà. Tí ọ̀pá bá sì ti ṣubú, má yí okùn sókè láìsí i níbẹ̀ o, ikùn lè wọlé.

* * *

Oníbéèrè ti padà. Ó ní lóòótọ́ ni bírìjì tẹ̀, òun tì í padà, ìmọ́lẹ̀ kékeré ń yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ kan. Nọ́ọ̀tì ò burú. Ìwọ̀n ẹ̀ rè é: G 10, D 11, A 13, E 14, mìlímítà.

Ó ga lóòótọ́. Káfíńtà ò parọ́ níbẹ̀ yẹn. Fún okùn irin tí o fẹ́ máa fọwọ́ ta, bíi 5 sí 6 fún G àti 8 sí 9 fún E ló máa ń rọrùn fún èèyàn. Àwọn tó ń lo okùn ìfun ẹran máa ń jẹ́ kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí okùn wọn ń fì káàkiri ju ti irin. Jẹ́ ká fi G sí 6, D 7, A 8, E 9. Má bá mi lọ sí 4 nítorí pé ọwọ́ ń dùn ẹ́, okùn tó bá sún mọ́ igi jù á máa kùn bí eṣinṣin inú ìgò, ohùn ẹ̀ ò sì ní jáde. Gìtá báàsì tó mọ́ ẹ lára, okùn ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 86, èyí sún mọ́ 105. Orúkọ okùn kan náà, ohùn kan náà, àmọ́ iṣan tó máa ta á ò sí lápá ẹ báyìí, oṣù mẹ́ta ló máa gbà, kì í ṣe fáìlì ló máa fún ẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. O fẹ́ kí E wálẹ̀ pẹ̀lú 5 níbi tó o ti wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe 5 lo máa gé lórí bírìjì. Ibi tí fíńgábọ́ọ̀dù parí sí kì í ṣe ibi tí bírìjì wà, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún okùn ló wà láàárín nọ́ọ̀tì àti ibẹ̀. Tó o bá gé 5 lórí bírìjì, 4 lo máa rí. Nítorí náà E àti A máa fẹ́ nǹkan bíi 6, D àti G bíi 5. Ó wuni ká gé gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Má ṣe é. Gba ìdajì, tún okùn sókè, ta á fún ọjọ́ méjì, tún wọn ọ́n.

Ẹsẹ̀ ló ṣáájú. Púpọ̀ nínú yín ní kó tẹ́ sáńpépà sórí ikùn báàsì, kó máa fa bírìjì lọ bọ̀ lórí ẹ̀. Èmi náà ti ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ ààbọ̀. Ọwọ́ ẹ á máa jì, ẹsẹ̀ á yípo bí ìdí koto, àárín nìkan á máa kan igi, etí á lanu. Ọ̀nà tó pẹ́ jù ló dáa jù. Fi ṣọ́ọ̀kì kun ibi tí ẹsẹ̀ máa dúró lórí ikùn, fẹ́ẹ́rẹ́. Gbé bírìjì lé e ní ààyè ẹ̀ gan-an, tẹ̀ ẹ́, mì í bíńtín, gbé e kúrò. Yí i sókè. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti lẹ̀ mọ́ ọn ni ibi tó yọ jù. Ọ̀bẹ tó mú, gé ibẹ̀ nìkan, kó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Tún un gbé. Níbẹ̀rẹ̀ wàá rí tóótòòtó mẹ́ta péré. Tó bá yá á di mẹ́wàá, á di ogún, títí abẹ́ ẹsẹ̀ á fi funfun kárí. Tèmi gbà mí ní odindi ọ̀sán ọjọ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò, ìyàwó mi ní ṣé ẹ̀fun ni mò ń fi bọ nǹkan ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan orí. Àwọn kan máa ń rẹ́ orí wálẹ̀ kí wọ́n tó wá ihò okùn. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò okùn ni mo kọ́kọ́ ń jìn pẹ̀lú fáìlì roboto kékeré, mìlímítà kan lẹ́ẹ̀kan, okùn kan lẹ́ẹ̀kan, mo rọ̀ ọ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fáìlì, mo dá a padà, mo wọ̀n ọ́n. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dé ibi tí mo fẹ́, ìgbà yẹn ni mo tó gé igi tó ṣẹ́kù lókè wọn. Okùn ò gbọ́dọ̀ rì sínú ihò ju ìdajì ara ẹ̀ lọ, ìdá mẹ́ta kan tiẹ̀ dáa jù, èyí tó bá rì ń há ohùn mọ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ ihò kó rí roboto bí okùn, kó sì dán. Tí etí ẹ̀ bá mú, okùn á gé níbẹ̀. Àárín okùn kan sí èkejì, 28 sí 30 mìlímítà.

* * *

Ẹni tó ní kí ló dé tá ò kúkú rẹ́ orí gbọọrọ, pé bírìjì gìtá òun tẹ́jú. Ọ̀gá, ṣé ẹ máa fa báàsì yín bíi gòjé láéláé? Tẹ́ ẹ bá máa fi bóò, ọ̀pá onírun tí wọ́n fi ń fa okùn, fà á, orí bírìjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, kí bóò lè kan okùn àárín láì kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹgbẹ́ akọrin bá ń kọ orin jẹ́jẹ́, bóò ló ń gbé ìsàlẹ̀ ohùn yẹn dúró, wàá rí àwọn ìyá tó ń wẹ̀yìn wò pé kí ló ń dún yẹn. Ìwọ oníbéèrè, gé káádì páálí kan, gbé e lé ìparí fíńgábọ́ọ̀dù, fi pẹ́ńsùlù ya títẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ni kó o máa fi wo orí bírìjì, kó kàn ga díẹ̀ sí i lápá E.

Orí náà, ìnípọn ẹ̀ kó má ju bíi mìlímítà 5 lọ. Bírìjì tuntun tí wọ́n ń tà láìtíì gbẹ́ ẹ tán máa ń nípọn jù, wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ kó o máa gbẹ́ ẹ ni. Èyí tó nípọn ń dún bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Tó o bá fá ojú iwájú díẹ̀díẹ̀ ohùn á là. Fá a jù, á máa gba imú sọ̀rọ̀, á sì tẹ̀ tó bá di ọjọ́ kan. Mi ò ní nọ́ńbà tí mo lè fún ẹ níbẹ̀, etí ẹ ni.

* * *

Ọ̀rọ̀ igi ti dìjà lókè yìí, mo rí i. Ìbéèrè ni pé tí bírìjì bá bàjẹ́, ṣé a ò lè gbẹ́ òmíràn láti sọ́míìlì wa níbí. Wọ́n ní ìrókò wà, ọ̀gánwó wà, apá wà, kí ló ń ṣe wá tí à ń dúró de igi òyìnbó.

Igi tí wọ́n ń pè ní maple ni wọ́n fi ń ṣe é ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, igi tó le tó sì fúyẹ́ díẹ̀ nígbà kan náà, wọ́n là á lọ́nà tí okùn igi fi dùbúlẹ̀ látẹsẹ̀ kan dé èkejì, kò dúró lóòró. Mo ti gbẹ́ tìrókò wò. Igi ìrókò, okùn inú ẹ̀ ń lọ síbí ń bọ̀ sọ́hùn-ún, ọ̀bẹ ń gé lápá kan, ó ń fà ya lápá kejì. Mo jàjà parí ẹ̀, ó dún, kò burú, oṣù kẹta ẹsẹ̀ kan là. Ó lè jẹ́ pé igi náà ò gbẹ tó, èmi ni mo kánjú. Ọ̀gánwó rọ̀, okùn irin rì sínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú, apá ni kó wá lọ, àwọn onílù mọ̀ ọ́n, kó sì rí i pé ó ti gbẹ lábẹ́ ilé fún ọdún díẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́nì kan já mi nírọ́ níbẹ̀, tọkàntọkàn. Àmọ́ báàsì ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ta ẹ́ lọ́rẹ kọ́ ni kó o fi kọ́ ọ.

Kì í kúkú ṣe pé àwa ò mọ ìsàlẹ̀ orin. Kí iléeṣẹ́ Fender tó gbé gìtá báàsì Precision jáde ní 1951, báàsì ńlá yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ń lò lókè òkun, níbí agídìgbo ti wà, irin pẹlẹbẹ lórí àpótí, èyí tó gùn jù ló ń dún nísàlẹ̀ jù. Ẹ gbọ́ àpàlà Haruna Ishola, ẹ fi etí sí abẹ́ ìlù. Bàbá kan tó ń ta agídìgbo ládùúgbò wa, ó ń fi ìka ti irin síwá sẹ́yìn lábẹ́ ọ̀pá tó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ títí ohùn ẹ̀ á fi bọ́ sí i. Kò gé nǹkan kan rí. Mo kàn rántí ẹ̀ ni.

* * *

Adjọ́sítà. Mo mọ̀ pé ẹ máa débẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ irin kékeré méjì ni, wọ́n gé ẹsẹ̀ bírìjì méjèèjì láàárín, wọ́n fi wọ́n sí i, o máa yí i, bírìjì á ga, á sì wálẹ̀. Àwọn kan ní ó ń ba ohùn jẹ́. Àwọn tó ń sọ ọ́, èyí tó pọ̀ nínú wọn ń gbé níbi tí ẹ̀rọ ìmúlétutù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Níbí, tí òjò Òkúdù bá bẹ̀rẹ̀, igi mu omi, ikùn wú, okùn gòkè. Ọyẹ́ wọlé ní Ọ̀pẹ, igi gbẹ, ikùn wálẹ̀, okùn tó dùn lóṣù kẹjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kí lo máa ṣe, o máa ní bírìjì méjì ni? Èmi ní adjọ́sítà, mi ò gbọ́ ohun tó bàjẹ́. Ẹni tó ní báàsì igi gidi tí kì í ṣe pílífúùdù ló tún yẹ kó bẹ̀rù ọyẹ́ jù, igi yẹn máa ń là.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ojú lásán. Ihò méjèèjì tí dírììlì máa lu gbọ́dọ̀ tọ́, kí wọ́n sì bá ara wọn mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kẹ̀kẹ́ á há, ẹsẹ̀ á máa tì ara wọn síta. Tó o bá sì fẹ́ yí i, rọ okùn díẹ̀ ná, yí ẹsẹ̀ méjèèjì iye kan náà. Ẹni tó fi púláyà yí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ okùn tó le, tó wá ní bírìjì òun ṣẹ́, mo ti dá ẹ lóhùn níkọ̀kọ̀.

Fún ẹni tó béèrè píkọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn báàsì lọ sínú áńpù: Realist ń wọ abẹ́ ẹsẹ̀, Full Circle ti Fishman ń gba ipò kẹ̀kẹ́ adjọ́sítà kan. Tí ẹsẹ̀ ò bá jókòó, kò séyìí tó máa dún dáadáa.

* * *

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, oníbéèrè tún kọ̀wé lánàá. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ṣe ẹsẹ̀. Ó ní kó tó kan orí rárá, okùn G tó ń dún gbẹ ti sanra. Ó wá jìn ihò okùn, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe sọ, G dé 6, D dé 7, A dé 8. E ló ti kánjú, ó bá a lọ sí 6, ó ń kùn.

Má sunkún. Wá igi líle bíńtín, tàbí egungun màlúù tó o ti fọ̀ tó sì gbẹ, gbẹ́ ẹ kó há sínú ihò yẹn, fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kó o tún wá fáìlì ẹ̀ sí 9. Àwọn kan máa ń po ìyẹ̀fun igi mọ́ súpà gúlúù, ó ń gbé èèyàn dé Sọ́ńdè, kì í pẹ́. Tèmi, egungun wà nínú ihò A mi láti ọdún kẹrin, kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi àti ẹ̀yin báyìí.

Ó tún ní káfíńtà ń bínú, pé wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ó ń béèrè pé ṣé kò sí nǹkan tóun lè bá wọn ṣe. Ó wà o. Ní kó ṣe àpótí ìjókòó gíga kan fún ẹ, kó ga dé ìsàlẹ̀ ìdí ẹ tó o bá dúró, kó fi igi kan sísàlẹ̀ tí wàá máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀. Ibẹ̀ ni kó ti fi ayùn ẹ̀ gé ẹsẹ̀ bó ṣe wù ú.